Ìṣàkóso fáàfù sílíńdà ìbejì nígbà pàjáwìrì lábẹ́ omi

Ìṣàkóso fáàfù sílíńdà ìbejì jẹ́ ọgbọ́n ìmòòkùn tí ẹni tí ó gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ méjì tí a so pọ̀ sẹ́yìn fi ń dá afẹ́fẹ́ tí ó ń jò dúró lábẹ́ omi, tí ó sì fi ń pa èyí tí ó kù mọ́ títí yóò fi padà dé òkè omi. Fáàfù mẹ́ta ni ó wà nínú ètò náà: ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, ọ̀kan ní àárín. Ẹ̀yìn orí ni gbogbo wọn wà, níbi tí ojú ẹni tí ó gbé wọn kò lè dé. Nítorí náà, ọwọ́, etí àti ìrántí ni amòòkùn fi ń ṣe iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ṣe pàtàkì jù lọ fún àwọn tí kò lè gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Lára wọn ni àwọn tí ń wọ inú ihò àpáta abẹ́ omi, àwọn tí ń wọ inú ọkọ̀ ojú omi tí ó ti rì, àti àwọn tí wọ́n ti pẹ́ nínú omi jíjìn débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ dúró léraléra nígbà ìgòkè, kí nítrójìn tí ó wọnú ara wọn lè jáde díẹ̀díẹ̀. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́yìn wọn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní.

Fáàfù ẹ̀gbẹ́ àti fáàfù àárín kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Fáàfù ẹ̀gbẹ́ ń dá afẹ́fẹ́ tí ó ń lọ sí régúlétọ̀ dúró. Fáàfù àárín ń pín sílíńdà méjèèjì níyà. Amòòkùn tí ó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì lè ti afẹ́fẹ́ tí ó dára pa, kí èyí tí ó ń jò sì máa jò lọ.

Ohun èlò

Sílíńdà ìbejì ni sílíńdà méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, tí a fi ọ̀já irin dè pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Irin tàbí alumíníọ̀mù ni a fi ń ṣe wọn. Ọ̀pá irin kékeré kan tí ó ní ihò nínú ni ó so ọrùn méjèèjì pọ̀. Máńfóòdù ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ọ̀pá náà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀pá ìsopọ̀ ni a ó máa pè é. Nígbà tí fáàfù àárín bá wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ ń gba inú ọ̀pá yìí kọjá láti sílíńdà kan sí èkejì, méjèèjì a sì dà bí ẹyọ kan. Bí amòòkùn tilẹ̀ ń mí láti apá ọ̀tún nìkan, afẹ́fẹ́ inú méjèèjì ni yóò máa dínkù ní ọgbọọgba.

Ẹni tí ó bá ti lo sílíńdà gáàsì ìdáná rí ti mọ bí fáàfù ṣe ń ṣiṣẹ́: a ń yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí láti tì í, a sì ń yí i sí òdìkejì láti ṣí i. Bákan náà ni ti sílíńdà ìmòòkùn. Ṣùgbọ́n orí fáàfù ọ̀tún kọjú sí ọ̀tún, orí ti òsì sì kọjú sí òsì. Nítorí èyí, bí amòòkùn bá na ọwọ́ sẹ́yìn orí rẹ̀, ọ̀nà tí yóò gbà yí ọ̀kan láti tì í yóò dà bí òdìkejì ọ̀nà tí yóò gbà yí èkejì.

Régúlétọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpele méjì. Ìpele kìíní, tí a dè mọ́ fáàfù, ni ó ń dín agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì jáde láti inú sílíńdà kù. Ìpele kejì, tí amòòkùn ń fi sẹ́nu, ni ó ń fún un ní afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ó bá ìtẹ̀ omi tí ó yí i ká mu. Nínú ètò tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn amòòkùn inú ihò, báyìí ni a ṣe pín àwọn ohun èlò náà:

• Fáàfù ọ̀tún: régúlétọ̀ tí amòòkùn ń mí láti inú rẹ̀, tí rọ́bà rẹ̀ gùn tó nǹkan bí mítà 2, àti rọ́bà tí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò ìléfòó.

• Fáàfù òsì: régúlétọ̀ àfipamọ́ tí a fi okùn rọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, géèjì tí ó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ hàn, àti rọ́bà tí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú aṣọ ìmòòkùn tí omi kì í wọ̀.

• Fáàfù àárín: kò ní régúlétọ̀ kankan, ìpínyà sílíńdà méjèèjì nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Gígùn rọ́bà ọ̀tún ní ìdí. Bí afẹ́fẹ́ bá tán lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹnìkejì rẹ̀ yóò fún un ní régúlétọ̀ tí ó wà lẹ́nu ara rẹ̀, yóò sì mú èyí tí ó wà lábẹ́ àgbọ̀n. Rọ́bà gígùn ni yóò jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè tò tẹ̀lé ara wọn gba ibi tóóró kọjá.

Ìtàn

Ní ọdún 1943, Jacques Cousteau, ọ̀gá ológun orí omi, àti Émile Gagnan, onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe régúlétọ̀ tí a mọ̀ sí Aqua-Lung ní ilẹ̀ Faransé. Láti ìgbà àkọ́kọ́ náà ni àwọn amòòkùn ti ń so sílíńdà pọ̀ kí afẹ́fẹ́ wọn lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́, régúlétọ̀ ẹyọ kan ni ó wà lórí gbogbo sílíńdà náà. Bí régúlétọ̀ yẹn bá bàjẹ́, kò sí ọ̀nà tí amòòkùn lè gbà mí afẹ́fẹ́ tí ó kù, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó.

Àwọn amòòkùn inú ihò ni wọ́n wá ojútùú sí ìṣòro yìí. George Benjamin, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó ṣèwádìí àwọn ihò jíjìn inú òkun ní erékùṣù Andros ní Bahamas, wà lára àwọn tí a dárúkọ mọ́ ọ̀pá ìsopọ̀ tí ó ní ibi ìdè régúlétọ̀ méjì. Pẹ̀lú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, a lè ti régúlétọ̀ kan tí ó bàjẹ́ pa, kí a sì máa mí gbogbo afẹ́fẹ́ sílíńdà méjèèjì láti inú èkejì. Lẹ́yìn náà ni a fi fáàfù àárín kún un, nítorí pé bí ọ̀pá ìsopọ̀ tàbí ọrùn sílíńdà fúnra rẹ̀ bá ń jò, fáàfù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Àwọn orísun omi ní àríwá ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí ihò gígùn pọ̀ sí lábẹ́ ilẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlànà wọ̀nyí ti gbilẹ̀. Sheck Exley, tí ó mòòkùn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ ìwé Basic Cave Diving: A Blueprint for Survival jáde ní ọdún 1979. Nínú rẹ̀ ni ó ti yẹ àwọn ìjàm̀bá tí ó pa àwọn amòòkùn inú ihò wò, tí ó sì fa ẹ̀kọ́ yọ. Lára ẹ̀kọ́ náà ni pé kí a máa fi ìdá kan nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ wọlé, kí a fi ìdá kan jáde, kí a sì fi ìdá kẹta pamọ́ fún pàjáwìrì. Ní Florida náà ni Bill Main, tí orúkọ rẹ̀ àárín ń jẹ́ Hogarth, ti gbé ètò ohun èlò tí kò ní àṣerégèé kalẹ̀. Àwọn amòòkùn sì ń pe ètò náà ní ti Hogarth títí di òní. Jarrod Jablonski, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣèwádìí ihò Wakulla, dá àjọ Global Underwater Explorers sílẹ̀ ní ọdún 1998. Ìdánrawò fáàfù sì wà lára ohun tí àjọ náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti lè jò

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń kìlọ̀ fún amòòkùn ni ariwo ìhó afẹ́fẹ́ lẹ́yìn orí rẹ̀. Ohun tí yóò ṣe sí i wà lọ́wọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ náà ti ń jáde. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín in sí.

Èkíní ni ìjò tí ó wà láàárín fáàfù ẹ̀gbẹ́ àti ẹnu amòòkùn. Òrùka rọ́bà tí ó wà láàárín fáàfù àti ìpele kìíní lè yọ tàbí kí ó ya. Rọ́bà lè bẹ́. Régúlétọ̀ sì lè máa tú afẹ́fẹ́ dànù láìdúró. Fáàfù ẹ̀gbẹ́ yẹn ni oògùn rẹ̀. Bí a bá ti tì í, ìjò náà yóò dáwọ́ dúró. Bí fáàfù àárín bá sì wà ní ṣíṣí, gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó kù nínú sílíńdà méjèèjì ni a lè mí láti apá kejì.

Omi tútù jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fa ìtúdànù yìí. Afẹ́fẹ́ tí ó bá ń jáde láti ibi tí ìtẹ̀ ti pọ̀ lọ sí ibi tí ó ti kéré máa ń tutù gan-an. Nínú omi tí ó ti tutù tẹ́lẹ̀, yìnyín lè dì mọ́ ara ìpele kìíní kí ó má sì lè padé mọ́. Bí a bá ti fáàfù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yìnyín náà lè yọ́, régúlétọ̀ náà sì lè padà bọ̀ sípò.

Èkejì ni ìjò tí ó wà ṣáájú fáàfù ẹ̀gbẹ́: òrùka rọ́bà ọrùn sílíńdà, òrùka rọ́bà inú ọ̀pá ìsopọ̀, tàbí àwo irin tínrín tí a ṣe sí àwọn fáàfù kan kí ó lè bẹ́ bí ìtẹ̀ inú sílíńdà bá pọ̀ jù. Kò sí bí a ṣe lè fi fáàfù ẹ̀gbẹ́ dá irú èyí dúró, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti jáde kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá ti fáàfù àárín, ìdajì tí ó wà ní apá kejì yóò bọ́ lọ́wọ́ ìjò náà. Ìdajì tí ó ń jò yóò sì máa jò títí yóò fi tán.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ìṣòro tí kò nílò fáàfù rárá. Bí ohun tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò ìléfòó bá há ní ṣíṣí, yíyọ rọ́bà rẹ̀ kúrò yá ju títi fáàfù lọ. Bí ìpele kìíní bá tú díẹ̀ lórí fáàfù, ẹnìkejì lè fi ọwọ́ dè é padà. Bí ìpele kejì bá ń tú afẹ́fẹ́ jáde nígbà tí kò sí lẹ́nu, yíyí ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀ máa ń tó nígbà mìíràn.

Ìgbésẹ̀ nígbà pàjáwìrì

Àwọn àjọ tí ń kọ́ni kò sọ̀rọ̀ bákan náà lórí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kókó inú ìlànà wọn bára mu.

1. Amòòkùn yóò dúró lójú kan, ní ìbú kan náà, yóò sì fi iná ọwọ́ rẹ̀ pe ẹnìkejì rẹ̀. Jíju iná síwá sẹ́yìn kíákíá ni àmì pàjáwìrì nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó bá gbàgbé ara rẹ̀, tí ó sì ń léfòó tàbí tí ó ń rì bí ó ti ń wá fáàfù, ti fi ìṣòro kejì kún ti àkọ́kọ́.

2. Yóò tẹ́tí sílẹ̀ láti mọ apá tí ariwo náà ti ń wá. Bí kò bá dá a lójú, apá ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ fura sí, nítorí ibẹ̀ ni régúlétọ̀ tí a ń lò lọ́wọ́ wà.

3. Kí ó tó ti fáàfù ọ̀tún, yóò rí i dájú pé régúlétọ̀ tí ó wà lábẹ́ àgbọ̀n ń fún òun ní afẹ́fẹ́. Yóò wá ti fáàfù ọ̀tún, yóò máa mí títí afẹ́fẹ́ inú rọ́bà yóò fi tán, yóò sì gba régúlétọ̀ àfipamọ́ sẹ́nu.

4. Bí ìhó náà bá dáwọ́ dúró, a ti rí ibi tí ó ti ń jò. Fáàfù ọ̀tún yóò wà ní títì, fáàfù àárín yóò wà ní ṣíṣí, ìrìn àjò yóò sì parí: àwọn méjèèjì yóò máa padà lọ sí òkè.

5. Bí ìhó náà kò bá dáwọ́ dúró, yóò ti fáàfù àárín kí sílíńdà méjèèjì lè pínyà, ẹnìkejì yóò sì tan iná sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde.

6. Bí ó bá jẹ́ pé régúlétọ̀ òsì ni ó ń jò, yóò ṣí fáàfù ọ̀tún padà, yóò dá régúlétọ̀ ọ̀tún padà sẹ́nu, yóò ti fáàfù òsì, lẹ́yìn náà yóò ṣí fáàfù àárín kí gbogbo afẹ́fẹ́ lè tún wà fún lílò.

7. Bí ó bá jẹ́ pé ọrùn sílíńdà tàbí ọ̀pá ìsopọ̀ ni ó ń jò, fáàfù àárín yóò wà ní títì, fáàfù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò sì wà ní ṣíṣí. A máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí a kọ́kọ́ mí afẹ́fẹ́ apá tí ó ń jò níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà, nítorí pé yóò ṣòfò bí a kò bá mí i. Kí a sì fi apá tí ó yè pamọ́ fún ìgbẹ̀yìn.

Ohun tí a pàdánù nígbà tí a bá ti fáàfù kan ju régúlétọ̀ lọ. Bí ti ọ̀tún bá wà ní títì, kò sí afẹ́fẹ́ fún àpò ìléfòó mọ́. Amòòkùn yóò fi ẹnu fẹ́ ẹ tàbí kí ó lo aṣọ rẹ̀ láti léfòó. Bí ti òsì bá wà ní títì, aṣọ kò ní rí afẹ́fẹ́ gbà, géèjì kò sì ní wúlò mọ́: nọ́ńbà tí ó bá wà lójú rẹ̀ nígbà tí a ti fáàfù lè dúró síbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tilẹ̀ ń tán lọ. Bákan náà, bí fáàfù àárín bá wà ní títì, sílíńdà òsì nìkan ni géèjì náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ibi tí nǹkan bá ti burú débi pé régúlétọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù, tí ìyẹn náà sì ń tú afẹ́fẹ́ dànù, amòòkùn lè máa ṣí fáàfù rẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ fa èémí, kí ó sì tì í lẹ́yìn èémí kọ̀ọ̀kan.

Àríyànjiyàn lórí fáàfù tí a kọ́kọ́ ń tì

Àwọn olùkọ́ kan ní fáàfù àárín ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tì. Ìdí wọn ni pé ibi yòówù tí afẹ́fẹ́ ìbáà ti máa jò, ìdajì ti bọ́ ná. Lẹ́yìn náà ni a ó wá ní àyè láti wá ibi tí ó ti ń jò. Wọ́n tún ní ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè ronú jinlẹ̀, nítorí náà ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí kì í yí padà ni ó dára jù fún un.

Àwọn mìíràn ní fáàfù ẹ̀gbẹ́ tí a fura sí ni ó yẹ kí ọwọ́ kọ́kọ́ lọ. Èrò tiwọn ni pé ìjò láti ara régúlétọ̀ àti òrùka rẹ̀ wọ́pọ̀ ju ìjò láti ọrùn sílíńdà lọ, fáàfù ẹ̀gbẹ́ ni ó sì ń dá irú rẹ̀ dúró pátápátá. Bí a bá ti ti àárín, apá tí ó ń jò yóò ṣì máa tán lọ títí ọwọ́ yóò fi dé fáàfù ẹ̀gbẹ́. Bí amòòkùn bá sì gbàgbé láti ṣí àárín padà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé afẹ́fẹ́ tí ó kù sí méjì. Ohun tí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé kí àwọn tí wọ́n jọ wọ omi ti mọ ọ̀nà tí ẹnìkejì wọn yóò gbà ṣe é kí wọ́n tó wọlé.

Ìṣirò afẹ́fẹ́

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ohun tí títi fáàfù àárín túmọ̀ sí hàn. Sílíńdà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 12, tí a rọ dé 200 báà, ní nǹkan bí lítà 4,800 afẹ́fẹ́ nínú. Ká sọ pé lítà 20 ni amòòkùn kan ń mí ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀. Ìtẹ̀ inú omi ń fi báà 1 lé sí i fún mítà 10 kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ní ìbú mítà 30, ìtẹ̀ náà jẹ́ báà 4, afẹ́fẹ́ tí yóò mí ní ìṣẹ́jú kan yóò sì di lítà 80.

Bí òrùka ọrùn sílíńdà kan bá ya nígbà tí ó ku 150 báà, lítà 3,600 ni ó kù. Bí ó bá yára ti fáàfù àárín, ìdajì rẹ̀, lítà 1,800, ni yóò dá a lójú. Ìyẹn tó ìṣẹ́jú 22 fún ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbẹ̀rù bá sọ èémí rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìṣẹ́jú 11 péré ni.

Nínú òkun gbalasa, ìgòkè láti mítà 30, ní ìwọ̀n mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin; afẹ́fẹ́ náà tó fún ẹni tí kò ní láti dúró lójú ọ̀nà. Nínú ihò ńkọ́? Bí ẹnu ihò bá wà ní mítà 300 sí i, tí ó sì ń wẹ̀ ní mítà 15 ní ìṣẹ́jú kan, ogún ìṣẹ́jú ni yóò gbà á. Pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, yóò lo lítà 1,600, yóò sì jáde. Pẹ̀lú ìbẹ̀rù, yóò nílò lítà 3,200, èyí tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìdá kẹta tí a fi pamọ́ ti wúlò. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 200 báà ní láti yí padà nígbà tí ó bá ku nǹkan bí 134. Bí afẹ́fẹ́ ọ̀kan bá tán pátá ní ibi tí ó jìnnà jù lọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta yóò ṣì wà lẹ́yìn ẹnìkejì rẹ̀: ìdá kan láti fi mú ara rẹ̀ jáde, ìdá kan láti fi mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde. Fáàfù àti ẹnìkejì jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Fáàfù òsì lè ti ara rẹ̀. Nígbà tí amòòkùn bá dojúbolẹ̀, tí ó ń lọ síwájú lábẹ́ àjà ihò, àjà náà lè máa ha orí fáàfù rẹ̀. Bí ó bá ha ti òsì, ọ̀nà tí yóò gbà yí i ni ọ̀nà títì. Bí ó bá ha ti ọ̀tún, ọ̀nà ṣíṣí ni. Ìdí nìyí tí a fi ń fi régúlétọ̀ tí a ń mí, àti èyí tí a ó fi fún ẹni tí afẹ́fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, sí apá ọ̀tún. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé amòòkùn lè má mọ̀ pé ti òsì ti tì. Bí ó bá wá ti ti ọ̀tún nítorí ìjò, kò ní sí afẹ́fẹ́ kankan fún un mọ́. Ìdí sì nìyẹn tí a fi ń dán régúlétọ̀ àfipamọ́ wò kí a tó ti ohunkóhun.

Fáàfù àárín lè wà ní títì nígbà tí a ń rọ afẹ́fẹ́. Bí a bá ń rọ afẹ́fẹ́ láti apá kan nígbà tí àárín wà ní títì, sílíńdà kan ni yóò kún. Ó burú jù bí ó bá jẹ́ àdàpọ̀ gáàsì ni. Ọ́síjìn tí ó yẹ kí ó pín sínú méjèèjì yóò wà nínú ẹyọ kan. Bí a bá sì wọn apá kejì nìkan, ìwọ̀n tí a rí kò ní sọ òtítọ́. Ọ́síjìn tí ó pọ̀ jù ní ìbú lè fa gìrì, gìrì lábẹ́ omi sì máa ń já sí ikú.

Ṣíṣí fáàfù ní ààbọ̀ tún wà. Ó ti jẹ́ àṣà àwọn kan láti ṣí fáàfù tán, kí wọ́n sì yí i padà díẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì í ṣe, tí ó tì í tán tí ó sì ṣí i díẹ̀, yóò rí i lórí ilẹ̀ pé géèjì kún, régúlétọ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìbú, níbi tí èémí kọ̀ọ̀kan ti nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i, ihò kékeré náà kò ní tó. Àmì rẹ̀ ni pé ọwọ́ géèjì yóò máa já sílẹ̀ pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan, yóò sì padà sípò lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdánrawò

A kì í kọ́ ọgbọ́n yìí nínú ìwé nìkan. Níbi tí omi kò ti jìn, pẹ̀lú olùkọ́, ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ yóò dojú kọ ọ́, régúlétọ̀ kan yóò sì wà ní ìmúrasílẹ̀ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò na ara gbalaja bí ẹni tí ó dojúbolẹ̀, yóò gbé orí sókè díẹ̀, yóò sì na ọwọ́ sẹ́yìn. Bí ọwọ́ kò bá dé fáàfù, yóò fi ọwọ́ kejì ti ìsàlẹ̀ sílíńdà sókè kí orí rẹ̀ lè súnmọ́ ọn. Aṣọ tí ó fún jù, tàbí ọ̀já tí a kò dè dáadáa, ni ó sábà máa ń fà á tí ọwọ́ kì í fi í dé ibẹ̀.

Ní ìtẹ̀léra, yóò ti ti ọ̀tún, yóò mí i gbẹ, yóò gba régúlétọ̀ àfipamọ́, yóò sì ṣí ti ọ̀tún padà kí ó tó dá régúlétọ̀ àkọ́kọ́ padà sẹ́nu. Yóò ti àárín, yóò sì ṣí i. Yóò ti ti òsì, yóò tẹ régúlétọ̀ àfipamọ́ títí kò fi ní tú afẹ́fẹ́ mọ́, yóò sì ṣí i. Ní ìparí, yóò fi ọwọ́ kan fáàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ pé gbogbo wọn wà ní ṣíṣí tán. Àyẹ̀wò ìkẹyìn yìí náà ni a máa ń ṣe kí a tó wọ omi, àti nígbà tí a bá gba ibi tóóró kọjá.

A kì í fi eré sísá díwọ̀n ìdánrawò náà. Ẹni tí ó bá ń yí fáàfù jẹ́jẹ́, tí kò yẹ̀ kúrò ní ìbú tí ó wà, tí ó sì mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ni a gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn ètò mìíràn

Àwọn amòòkùn kan máa ń gbé sílíńdà méjì láìsí ọ̀pá ìsopọ̀. Ìjò apá kan kò lè kan èkejì, ṣùgbọ́n amòòkùn gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ régúlétọ̀ láti ìgbà dé ìgbà kí afẹ́fẹ́ méjèèjì lè máa dínkù bákan náà. Bí régúlétọ̀ kan bá sì bàjẹ́, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ kò rọrùn láti lò mọ́.

Àwọn mìíràn ń so sílíńdà mọ́ ìhà, ọ̀kan lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí ń wọ ihò tóóró ní Bìrìtìkó, ó sì tàn ká Florida àti Mẹ́síkò. Àǹfààní rẹ̀ ni pé fáàfù wà lábẹ́ apá, níbi tí ojú ti lè rí i tí ọwọ́ sì ti lè tètè dé e. Bí régúlétọ̀ kan bá ń tú afẹ́fẹ́ dànù, amòòkùn lè máa ṣí fáàfù rẹ̀ fún èémí kọ̀ọ̀kan kí ó sì máa tì í, kí ó lè lo gbogbo afẹ́fẹ́ inú sílíńdà náà tán.